All England: Ọdún Wo Nínú Àwọn Tó Ti Kọjá Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn badminton pé ọdún wo nínú ìdíje All England ló yẹ kí ẹni tí kò wò ó rí kọ́kọ́ wò. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, á ti ní 2012. Lin Dan ọmọ Ṣáínà àti Lee Chong Wei ọmọ Málẹ́ṣíà ló pàdé ní àṣekágbá ọdún yẹn, kò sì sí orúkọ méjì tó tóbi ju tiwọn lọ nínú eré náà lásìkò yẹn. Ẹ ó bá jókòó. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn abala kìíní eré, á dùn lóòótọ́, 21-19. Ẹ ó wá fìdí mọ́ àga dáadáa fún ìkejì, àmọ́ nígbà tí Lin Dan bá fi ń ṣáájú pẹ̀lú 6-2, Lee á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á jáde, torí èjìká tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè máa bá a lọ. Eré parí. Ohun tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí, ẹ ò rí i.

Èyí ló mú kí n jókòó kọ ìfiwéra yìí. Èmi ò gbà pé ọdún tí orúkọ àwọn tó dé àṣekágbá bá tóbi jù ni ọdún tó dùn wò jù. Ohun tí ẹ ń wá ló yẹ kó pinnu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá badminton, ẹni tó fẹ́ rí kí ẹni tí wọn ò kà sí fi ẹni ńlá gbálẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn, ọdún kan náà kò lè tẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn.

Díẹ̀ nípa ìdíje fúnra rẹ̀

Ọdún 1899 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ogun London Scottish fi ń ṣe ìdánrawò ní Buckingham Gate. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà, méjì sí méjì nìkan ni wọ́n sì gbá. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó fi ẹnìkan sí ẹnìkan kún un. Ogun Àgbáyé méjèèjì dá a dúró, láti 1915 sí 1919, àti láti 1940 sí 1946. Láti 1957 di 1993, gbọ̀ngàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé rẹ̀. Láti 1994 ló ti kó lọ sí Birmingham, inú oṣù kẹta ni wọ́n sì sábà máa ń gbá a.

Kí ìdíje tó wà fún gbogbo àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977, ẹni tó bá gba All England ni wọ́n ń kà sí ọ̀gá ayé. Lónìí, ó wà lára ìdíje mẹ́rin péré tí BWF, àjọ tó ń ṣàkóso badminton lágbàáyé, fi sí ipò Super 1000, ọ̀kan lára ipò tó ga jù fún ìdíje ọdọọdún rẹ̀, òun pẹ̀lú ti Málẹ́ṣíà, ti Índónéṣíà àti ti Ṣáínà. Gbogbo owó tí wọ́n pín níbẹ̀ ní 2025 jẹ́ 1,450,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Àwọn ìdíje mìíràn wà tó ń pín jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń gbá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni All England ni ife tí wọ́n fẹ́ kó wà nílé wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo lẹ nílò láti mọ̀ kí ẹ tó yan ọdún tí ẹ máa wò, òun náà ni bí wọ́n ṣe ń ka àmì. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń sáàfù, ìyẹn ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti bẹ̀rẹ̀, nìkan ló lè gba àmì. Bí ẹnìkejì bá borí, sáàfù lásán ló gbà, iye àmì kò yí padà. Àmì 15 ni wọ́n ń gbá sí, 11 sì ni fún obìnrin sí obìnrin. Ọdún 2006 ni wọ́n pa èyí tì, tí ẹnikẹ́ni tó bá borí fi ń gba àmì láìka ẹni tó ń sáàfù sí. Àmì 21 ni sẹ́ẹ̀tì kan báyìí. Bó bá di 20-20, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnìkejì lọ, àyàfi tó bá di 29-29, nígbà yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 30 ló ni ín.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé 15-12 ti àtijọ́ lè gùn ju 21-19 ti òde òní lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wo fídíò 2001, á rí i tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù oníìyẹ́ náà síwá sẹ́yìn, tí iye àmì kò kúrò lójú kan, á rò pé ẹ̀rọ tó ń ka àmì ti bàjẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí sùúrù rẹ̀ kéré, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àmì 21 ti dé.

Fún ẹni tó fẹ́ ìtàn: 1976, 1980 àbí 2001?

Rudy Hartono ti Índónéṣíà kọ́kọ́ gba All England lọ́dún 1968, ọmọ ọdún 18 ni. Ó gbà á ní ìgbà méje láìsí ọdún tó já láàrin, títí di 1974. Svend Pri ti Dẹ́nmáàkì wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ní 1975, àmọ́ Hartono padà wá ní 1976, ó na Liem Swie King tí wọ́n jọ wá láti orílẹ̀-èdè kan náà, 15-7, 15-7, ó fi di mẹ́jọ. Kò tíì sí ọkùnrin tó gba ti ẹnìkan sí ẹnìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Láàrin àwọn obìnrin, Judy Hashman ti Amẹ́ríkà gba mẹ́wàá láàrin 1954 àti 1967. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tí ife rẹ̀ pọ̀ jù nígbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀ka pọ̀, Sir George Thomas ni, 21 ni tiẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Thomas Cup, ìdíje badminton láàrin ẹgbẹ́ ọkùnrin àwọn orílẹ̀-èdè, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá nídìí eré ṣẹ́ẹ̀sì. Ibi tó ti rí àkókò, èmi ò mọ̀.)

Ìtàn ńlá ni 1976, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí eré tí èèyàn fẹ́ jókòó wò, kò sí ìfà-á-ǹ-fà níbẹ̀. 15-7 lẹ́ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé ẹnìkan ló ń darí.

1980 yàtọ̀. Liem Swie King ti gba ife ní 1978 àti 1979, gbogbo ojú ló ń retí ẹ̀kẹta. Prakash Padukone láti Índíà ló pàdé rẹ̀ ní àṣekágbá. King lágbára, ó máa ń fò sókè kó tó la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Padukone kì í fi agbára bá ẹnikẹ́ni jà. Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ló ní, á gbé bọ́ọ̀lù síbi tí ẹ ò retí, á fi ọwọ́ tàn yín lọ sápá ọ̀tún nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sósì. 15-3, 15-10 ló parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ṣe ń na agbára lórí pápá, ibẹ̀ ni kó lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé fídíò láyé ọjọ́un kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù funfun tín-ín-rín lórí àwòrán tó ti ṣá kò rọrùn fún ojú láti tẹ̀lé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń darí àwọn èèyàn sí 2001. Pullela Gopichand, ọmọ Índíà bíi Padukone, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀, ló borí Peter Gade ti Dẹ́nmáàkì ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, 17-14, 17-15 (nínú òfin àtijọ́, bó bá di 14-14, wọ́n lè sún un dé 17). Ó wá na Chen Hong ti Ṣáínà ní àṣekágbá, 15-12, 15-6. Òun ni ọkùnrin kejì láti Índíà tó gba ife náà. Bí ẹ bá ní àyè fún eré kan ṣoṣo nínú ọdún yẹn, ẹ fi àṣekágbá sílẹ̀, kí ẹ lọ wo ti Gade. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jà. Ẹ̀yìn èyí ni Gopichand di olùkọ́ tó tọ́ Saina Nehwal àti P. V. Sindhu, obìnrin Índíà méjì tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, dàgbà nínú eré náà, nítorí náà, ẹni tó bá wo 2001 á rí ibi tí ọ̀pọ̀ nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ fún Índíà.

Fún ẹni tó fẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin: Lin àti Lee, àbí 2021?

Ibí yìí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọdún yàn.

Lin Dan gba All England lẹ́ẹ̀mẹfà, ní 2004, 2006, 2007, 2009, 2012 àti 2016. Lee Chong Wei gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 2010, 2011, 2014 àti 2017. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn méjèèjì forí gbárí ní àṣekágbá níbẹ̀. Ní 2009, Lin borí, 21-19, 21-12. Ní 2011, Lee borí, 21-17, 21-17. 2012 ni èyí tí a ti sọ pé kò parí. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tó dé sẹ́ẹ̀tì kẹta. Ìjà tí ayé kà sí ìjà ńlá jù nínú badminton, Birmingham kọ́ ló ti gbóná jù.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rí wọn lórí pápá All England, 2011 ni kí ẹ mú. Ó parí bó ṣe yẹ kó parí, àwọn méjèèjì wà pẹ̀lú ara líle, ẹ ó sì rí bí Lee ṣe ń fi ẹsẹ̀ yíyára gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn á ti fi sílẹ̀. 2009 kò burú, àmọ́ lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ọwọ́ Lin ti ròkè jù.

2021 wá ńkọ́? Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ má wulẹ̀ wò ó. Wọ́n ní ìdí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fojú fo ìdí náà. Kòrónà ló wà lóde, kò sí òǹwòran nínú gbọ̀ngàn. Ṣáínà àti Kòríà kò wá. Índónéṣíà wá, àwọn kan lára wọn ti borí nínú ìpele àkọ́kọ́ pàápàá, kí wọ́n tó lé gbogbo wọn kúrò torí pé ẹnìkan tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní àìsàn náà. Ó dun àwọn ará Índónéṣíà wọra. Nínú méjì sí méjì, Jàpáànù sí Jàpáànù ni àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ọkùnrin, ti obìnrin, àti ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹni tó bá ń wá ìdíje tó kún, tí gbogbo ayé wà níbẹ̀, kó fo 2021 kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fo àṣekágbá ọkùnrin rẹ̀. Lee Zii Jia ti Málẹ́ṣíà, ọmọ ọdún 22, ti na Kento Momota tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé lójú ọ̀nà. Viktor Axelsen ti Dẹ́nmáàkì tó gba ife ọdún tó ṣáájú ló dúró dè é. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ di 29-29, ìyẹn ibi tí òfin ò ti gbà kó lọ síwájú mọ́. Àmì kan ṣoṣo ló kù, ẹni tó bá gbà á ló ni ín. Lee Zii Jia gbà á, 30-29. Axelsen gba ìkejì, 22-20. Ẹ̀kẹta, Lee, 21-9.

Èyí tí kò sí òǹwòran yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún ẹni tuntun. Ẹ ó gbọ́ bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin bọ́ọ̀lù tí wọ́n là mọ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n kàn rọra tẹ̀ kọjá nẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún mìíràn, ariwo á bo gbogbo èyí. Èmi tí mo ti ń wo badminton tipẹ́, ọdún yẹn ni mo tó mọ̀ pé etí náà ń wo eré yìí.

Ẹ̀kẹta wà tí wọn kì í sábà dárúkọ: 2018. Lin Dan ti di ẹni ọdún 34, Shi Yuqi, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà bíi tirẹ̀, jẹ́ 22. Shi ló borí, 21-19, 16-21, 21-9. Ẹ wo sẹ́ẹ̀tì kejì, níbi tí àgbà ti fi gbogbo ohun tó mọ̀ jà, kí ẹ wá wo bí ẹsẹ̀ ṣe kọ̀ fún un ní ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá ti wo 2011 ṣáájú èyí, á dùn yín díẹ̀.

Ọdún tí ẹni kékeré na ẹni ńlá, ọdún tí ilẹ̀ kan padà sílé: 2016 àti 2024

Mo fi àwọn méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn torí pé àṣekágbá ọkùnrin wọn kò le tó nǹkan kan. 2016: Lin Dan na Tian Houwei, 21-9, 21-10. 2024: Jonatan Christie na Anthony Ginting, 21-15, 21-14. Ẹni tó bá kàn ka iye àmì á gbójú kúrò lára méjèèjì.

Inú ọ̀sẹ̀ 2016 ni adùn wà. Lee Chong Wei, tí gbogbo èèyàn rò pé á bá Lin dé òpin, kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. B. Sai Praneeth láti Índíà ló lé e jáde, 24-22, 22-20. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Nozomi Okuhara gba ti obìnrin fún Jàpáànù, ohun tí obìnrin Jàpáànù kankan kò ṣe láti ìgbà Hiroe Yuki ní 1977, ọdún 39 gbáko. Wang Shixian ti Ṣáínà ló nà, 21-11, 16-21, 21-19. Bí ẹ bá máa wo 2016, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá fò lọ sí àṣekágbá ọkùnrin, ẹ ti pàdánù ohun tó jẹ́ kó jẹ́ 2016.

2024 kò ní irú ìjayà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni ìtàn Índónéṣíà. Ilẹ̀ tó bí Hartono kò rí ọkùnrin kankan gba ife náà fúnra rẹ̀ láti ìgbà Haryanto Arbi ní 1994. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá pàdé ara wọn ní àṣekágbá, ẹnikẹ́ni tó bá wù kó borí, ife ti délé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń sunkún. Nítorí náà, èmi á ní kí ẹni tuntun yan 2016, kí ẹni tó ti ka nípa Hartono yan 2024.

Fún ẹni tó fẹ́ obìnrin sí obìnrin

Kí n má fepo bọyọ̀: bí a bá ní kí n mú eré kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí, ti obìnrin ní 2023 ni mo máa mú.

An Se-young ti Kòríà, ọmọ ọdún 21, dojú kọ Chen Yufei ti Ṣáínà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Tokyo. Chen ló sábà máa ń borí nígbà tí wọ́n bá pàdé ṣáájú ìgbà yẹn. An gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 21-17. Chen wá fọ́ ọ yángá ní ìkejì, 21-10. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ẹ bá ti fọ́ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀tì kẹta á kàn jẹ́ ìsìnkú. An gbà á, 21-19, ó sì di obìnrin Kòríà àkọ́kọ́ tó ṣe é láti ìgbà Bang Soo-hyun ní 1996.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tuntun ni pé ohun tí An ń ṣe hàn sójú. Kì í yára pa eré. Ó máa ń dá bọ́ọ̀lù padà ni, á tún dá a padà, á tún dá a padà, títí ẹnìkejì á fi fẹ́ gba àmì ní tipátipá, tí á sì gbá a síta. Ẹni tí kò mọ òfin kan ṣoṣo nínú badminton lè lóye èyí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn tó lè bá a du ipò ni 2015 àti 2025. Ní 2015, Saina Nehwal gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Carolina Marin ti Sípéènì, 21-16, kí Marin tó yí i padà, 21-14, 21-7. Ariwo Marin nìkan tó wò, gbogbo àmì tó bá gbà ló máa ń figbe ta, bí ẹ kò bá fẹ́ràn ariwo, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹta ló ba ti 2015 jẹ́ lójú mi, torí 21-7 ti fi hàn pé ẹnìkan ti gbà fún Ọlọ́run. Ní 2025, An tún wà níbẹ̀, ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sọ́wọ́ Wang Zhiyi ti Ṣáínà, 13-21, kó tó gba méjì tó kù, 21-18, 21-18. Eré tó gbóná ni, àmọ́ ní ìgbà yẹn, gbogbo ayé ti mọ An. Ní 2023, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú pé ó lè ṣe é.

Marin tún padà gba ife ní 2024, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ pẹ̀lú Akane Yamaguchi, 26-24, dùn gidigidi, ṣùgbọ́n Yamaguchi fi eré sílẹ̀ ní 11-1 nínú ìkejì. 2012 míì nìyẹn: ẹ wo sẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ pa á.

Méjì sí méjì, ní kúkúrú

Bọ́ọ̀lù máa ń yá jù níbí fún ojú tí kò tíì mọ́ ọn. Ẹ fi sí ìkẹyìn.

Ní 2019, Mohammad Ahsan, ẹni ọdún 31, àti Hendra Setiawan, ẹni ọdún 34, ti Índónéṣíà, bá àwọn ọ̀dọ́ Málẹ́ṣíà méjì, Aaron Chia àti Soh Wooi Yik, ja àṣekágbá. Àwọn ọ̀dọ́ gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, 21-11. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, ṣé ó lè ní àkísà tó àgbà? Àwọn àgbà gba méjì tó kù, 21-14, 21-12. Ẹ wo Setiawan: kì í sáré, ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí ló máa ń ti dúró.

2020 ló yára jù. Hiroyuki Endo àti Yuta Watanabe ti Jàpáànù borí Marcus Gideon àti Kevin Sukamuljo ti Índónéṣíà, 21-18, 12-21, 21-19. Ìgbà tí ẹ bá ti lè sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn láìdá fídíò padà, ẹ ti ṣe tán fún un. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni wọ́n parí ìdíje yẹn. Kò pẹ́ tí Kòrónà fi ti gbogbo ayé mọ́lé.

Gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| Ọdún | Eré | Iye àmì | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| 2001 | Gopichand àti Gade (ṣáájú àṣekágbá) | 17-14, 17-15 | Ẹni tó fẹ́ ìtàn, tó sì ní sùúrù |
| 2011 | Lee Chong Wei àti Lin Dan | 21-17, 21-17 | Ẹni tó gbọ́dọ̀ rí àwọn méjèèjì |
| 2016 | Okuhara àti Wang Shixian | 21-11, 16-21, 21-19 | Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko |
| 2019 | Ahsan/Setiawan àti Chia/Soh | 11-21, 21-14, 21-12 | Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ méjì sí méjì |
| 2021 | Lee Zii Jia àti Axelsen | 30-29, 20-22, 21-9 | Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a |
| 2023 | An Se-young àti Chen Yufei | 21-17, 10-21, 21-19 | Ẹni tuntun, ẹnikẹ́ni |

Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ wo 2023 ti obìnrin látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ wá fi sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ti 2021 lé e. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì, ẹ parí 2021, kí ẹ fi 2019 kún un. 1980 lè dúró di ìgbà tí badminton bá ti wọ̀ yín lára, tí ẹ fi lè fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀.

Ní ti 2012, mi ò ní kí ẹ má wò ó láéláé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wò ó tó 6-2 yẹn, ẹ má ṣe gbà pé ó parí síbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Lin Dan àti Lee Chong Wei tún pàdé ní àṣekágbá Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù. Lee gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 21-15, Lin gba ìkejì, 21-10, ẹ̀kẹta sì di ti Lin ní 21-19. Wembley Arena ni wọ́n ti gbá a, gbọ̀ngàn kan náà tí All England fi ṣe ilé títí di 1993.